Salanieta àti Ìwé Tó Bá Ẹbí Lọ

Bí ẹ bá dé abúlé wa ní erékùṣù Kadavu tí ẹ béèrè ẹni tó le jù, wọn ò ní dárúkọ olóyè kankan fún yín. Salanieta tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ ni wọn yóò dárúkọ. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ń dá gbé, ó sì fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Òfin kan ṣoṣo ló ní: bí ọjọ́ ìdápadà ìwé bá ti kọjá mọ́ ọ lọ́wọ́, o ò ní yá òmíràn, ìbáà ṣe ọmọ olórí abúlé ni ọ́.

Àwọn ọmọ wa kì í ṣe olè o. Kerekere ló ń dà wọ́n láàmú. Níbí, bí ìbátan rẹ bá ti ní "kerekere", tó nawọ́ sí ohun kan, o ti fún un nìyẹn. Ta ni yóò kọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀? Ọmọ á gbé ìwé délé, ìbátan kan á tọrọ rẹ̀, ìbátan mìíràn á tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyẹn, ìwé á wá máa kí ẹbí kiri abúlé. Salanieta bá wọn wí títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: "Ìwé kì í ṣe ẹja. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fún wọn." Wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí," wọ́n á sì tún lọ fi tọrẹ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ilé ẹ̀kọ́ gba ọlidé, Unaisi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Salanieta, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé pẹ̀lú àpò òfìfo. Kò sí ọmọ tó ń kàwé bíi tirẹ̀ níbẹ̀, ọlidé gígùn láìsí ìwé yóò sì sú u gan-an.

"Ìwé obìnrin tó dá tukọ̀ la òkun kọjá dà?"

"Bùọ̀dá Isikeli ló tọrọ ẹ̀, Àǹtí."

"O ò wá lè sọ pé rárá?"

Unaisi wolẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ lè sọ ọ́?"

"Má bi mí. Tí mo bá fún ẹ ní òmíràn, wọ́n á ní torí pé o jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Máa lọ sílé ná."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Salanieta ti ilẹ̀kùn, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó gba etíkun lọ wá ìwé náà fúnra rẹ̀.

Isikeli ń tún àwọ̀n ṣe. "Hẹn ẹ́n, ọlọ́pàá ìwé ti dé," ló wí. "Ó ti wà lọ́dọ̀ Màmá Laniana o. Wọ́n ní kerekere. Wọ́n gba ẹja mi mọ́ ọn."

"O ò sọ fún wọn pé ti ilé ẹ̀kọ́ ni?"

"Mo sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin nilé ẹ̀kọ́, ọmọ àwọn sì ni yín."

Màmá Laniana, àbúrò ìyá àgbà Salanieta, kò ríran mọ́. Orí ẹní ló dùbúlẹ̀ sí, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ka ìwé náà fún un. Salanieta jókòó, ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ jọ, ṣùgbọ́n àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Salanieta, mo mọ ìró ẹsẹ̀ ẹ. Mo sì mọ ohun tó o bá wá."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé yẹn..."

"Obìnrin yẹn ṣì wà láàárín òkun. Omi mímu ẹ̀ ti tán. Mi ò fẹ́ kú kó tó gúnlẹ̀." Ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ Salanieta títí ó fi bà á. "Kerekere, ọmọ mi."

Rárá wà lẹ́nu Salanieta, àmọ́ ó fẹ́ràn ìyá náà jù. "Ó ti di tiyín, Màmá," ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe Unaisi lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. "Èmi ni mo fi ìwé yẹn sílẹ̀ fún Màmá Laniana. Ó ti kúrò lọ́rùn Unaisi, ọrùn mi ló wà. Ó yá, mú èyí tó wù ẹ́."

"Àǹtí, ẹ̀yin náà ò wá lè yá ìwé mọ́ nìyẹn," ọmọ kan wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

"Òfin lòfin," ni Salanieta wí. Ó ti ilé ìkàwé pa, ó relé lọ́wọ́ òfo.

Ní Sátidé, ó gbálẹ̀ tán, ó tún un gbá, kò mọ ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe. Àfi bí Unaisi ṣe wọlé tòun ti ìwé ńlá tó yá, tó jókòó, tó gbé e lé itan.

"O ti kà á tán?"

"Mi ò tíì ṣí i." Ọmọ náà wò ó lójú. "Àǹtí, ẹ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Omijé lé ròrò sójú Salanieta. "Kerekere," ló wí, Unaisi sì gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́.