Sísanra Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí obì ń kún ọjà Sábó ní Ṣàgámù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tó dùn jù létí àgbàlagbà ni kí wọ́n kí i pé, "Ẹ mà ti sanra o!" Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìjà lẹ máa bá onítọ̀hún jà. Láyé tiwa, oríire ni.

Ìyá bàbá mi, tí wọ́n ń ta obì gbànja, làwọn ará ọjà ń kí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. A ní àpótí tí wọ́n ń jókòó lé bó obì ló fà á, a sì ń fi omi gbígbóná oníyọ̀ jó o. Ikùn wọn yọ, àwọn oníbàárà ní ajé ti wọlé. Wọn ò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́, wọ́n á kàn fẹ̀yìn ti apẹ̀rẹ̀ obì. A tún ń yìn wọ́n pé wọ́n ń ṣọ́ ọjà wọn! Ìgbà tí wọn ò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n má mí hẹlẹ ni bàbá mi tó gbé wọn lọ sí ọsibítù, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn.

Dókítà fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú ibẹ̀ jin, kò kún padà. Háà! Bàbá mi ní, "Wọ́n kàn sanra ni, dókítà."

"Omi ni, sà," ni dókítà dáhùn. "Ọkàn wọn ò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ. Omi wá ń dúró sẹ́sẹ̀, síkùn, àti sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè dùbúlẹ̀."

A ti rò pé bí ọkàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ lèèyàn ń ṣubú. A ò mọ̀ pé ó lè máa rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí aráyé máa báni yọ̀.

Dókítà fún Ìyá Àgbà lóògùn tó ń mú wọn tọ̀, ó ní wọn ò gbọdọ̀ dá oògùn náà dúró, ó sì ní kí wọ́n jìnnà sí iyọ̀. Ìyá Àgbà bínú sí ọbẹ̀ títẹ́ títí, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́. Omi fà, wọ́n dùbúlẹ̀ sùn. Ẹ wá wo ìyàlẹ́nu: ọjọ́ tí wọ́n padà sí ìsọ̀, ṣe làwọn ará ọjà káwọ́ lérí, tí wọ́n ń bi wọ́n pé kí ló pa wọ́n lára tí wọ́n fi rù báyìí! Ìgbà tí ikú ń bọ̀, wọ́n yọ̀. Ìgbà tó padà lẹ́yìn Ìyá Àgbà, wọ́n ń dárò.

Ayé ti yí padà o. Lónìí, àwọn ọmọ mi ń sá fún sísanra bí ẹní sá fún ejò. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi ṣì ń kí mi bẹ́ẹ̀, màá rẹ́rìn-ín, màá dúpẹ́. Bí wọ́n bá ti kọ̀yìn sí mi, màá bẹ̀rẹ̀, màá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi.