S. Wo Nìyẹn?

Ẹ má wulẹ̀ bi Sìmíátù Àkàngbé pé kí ló dé tó fi ń bínú. Ọ̀nà ọ̀fun ló kọ́kọ́ dun Saidat, ọmọ rẹ̀. Ó san. Àfi bí ọmọ náà ṣe jí lọ́jọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí fọ ọwọ́, tó ń fọ̀ ọ́ títí awọ ọwọ́ fi bó. Ó ń ṣẹ́jú láìdabọ̀, kò sì lè dá sùn mọ́. Àwọn ará ilé wọn ládùúgbò Àgùdà sọ pé àkẹ́jù ni. Àǹtí Jameelah, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ní ẹgba ló máa wò ó sàn. Ẹgba! Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta Sìmíátù lára títí dòní.

Dókítà nìkan ló sọ ohun tó yé e. Kòkòrò tó mú ọmọ náà lọ́fun, Streptococcus lorúkọ rẹ̀, ni ara ọmọ dìde láti bá jà, ló bá ṣèèṣì ń lu ọpọlọ ọmọ fúnra rẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi pa kòkòrò náà tún wá da inú Saidat rú. Dókítà ní kí wọ́n wá kápúsù kòkòrò rere tó ń tún inú ṣe, ṣùgbọ́n kí Streptococcus kankan má sí níbẹ̀. Òun ò lè búra pé irú ti inú kápúsù á ṣe é ní nǹkan, àmọ́ òun ò ní fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò.

Bí ìyá àti ọmọ ṣe dé ilé oògùn kan ní Yaba nìyẹn. Saidat fa ọwọ́ sínú apá aṣọ rẹ̀ kó má baà kan nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni oníkóòtù funfun tó wà nídìí káńtà gbé páálí kan kalẹ̀.

"Kò sí Streptococcus níbẹ̀, Mọ́mì. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Sìmíátù yí páálí náà sẹ́yìn. Ó rí S. thermophilus.

"S. wo nìyí?"

Ọ̀gbẹ́ni rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ti ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì jù. S. ni S."

S. ni S. kẹ̀! Sàíbù lọkọ, Sìmíátù nìyàwó, Saidat lọmọ, gbogbo wọn ló sì ń jẹ́ S. Àkàngbé. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ nílé ìwòsàn nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn. Ó fi fóònù pe dókítà níwájú káńtà, ó ka orúkọ náà fún un, ó sì jẹ́ kí ohùn dókítà jáde síta.

"Streptococcus gan-an nìyẹn, mà. Ẹ dá a padà. Ẹ bèèrè S. boulardii. Ìyẹn kì í ṣe ẹbí rẹ̀, irú ìwúkàrà kan ni, bí èyí tó ń mú búrẹ́dì wú. Ẹ mú un wá kí n rí i kí ọmọ tó lò ó."

Sìmíátù ti páálí náà padà. "Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ ò bèèrè, ẹ tún ń fi mí rẹ́rìn-ín! Ẹ gbé S. burúkú yẹn kúrò níwájú mi!"

Saidat fi etí apá aṣọ rẹ̀ fa ìró ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, S. lèmi náà. Ṣé èmi ni S. burúkú yẹn?"

Sìmíátù kúnlẹ̀ sórí táìlì. Inú ń bí i sí ọ̀gbẹ́ni yìí, sí Àǹtí Jameelah, sí ẹnu òun fúnra rẹ̀.

"Ìwọ kọ́. O ò ṣe nǹkan kan tó burú."

Ọmọ náà yọ ọwọ́ méjèèjì tó ti bó jáde, ó wò wọ́n.

"Kí ló dé tí Àǹtí fi ní kẹ́ ẹ nà mí?"