Bí Àwòrán Orí Mi Ṣe Gba Àna Mi Sílẹ̀

Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì mi bọ́ lọ́nà oko Odomẹ̀ta, n kò mọ̀. Obìnrin kan ló he é, tó ń sáré tẹ̀lé mi: "Bàbá, ṣé ẹ ti fi ẹsẹ̀ kan tọrẹ ni?" Mo ní ilẹ̀ ló yá a lò. Ẹsẹ̀ náà ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, orí ń fọ́ mi láràárọ̀. Mo pe ìyàwó mi, orúkọ ìyá mi tó ti kú ló jáde. Ó ní kí n má pa òun láàyè.

Múfútáù, ọkọ Àbẹ̀ní ọmọ mi, gbé mi sẹ́yìn alùpùpù, ó ń gbé mi lọ sílé ìwòsàn ní Kétu. A ṣubú nínú kòtò kan, pẹ̀lẹ́, sórí iyanrìn. Awọ ara mi ò tilẹ̀ bó. Àmọ́ kílẹ̀ tó ṣú, apá òsì mi ò gbéra mọ́.

Àlàbí àbúrò mi dájọ́ lójú ẹsẹ̀: "Múfútáù, ìwọ lo ba ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Àbẹ̀ní ò ní padà sílé rẹ!" Ó kó ọmọ mi tọmọtọmọ wá sílé wa. Àna mi dọ̀bálẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Mo fẹ́ ní kó dìde, kò jáde lẹ́nu mi. Ahọ́n mi ti wúwo.

Ilé ìwòsàn Kétu ní ká lọ sí Kútọnu. A jókòó pẹ́ lórí àga irin, Àbẹ̀ní ń sunkún sínú ìborùn rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní IRM ni wọ́n tì mí sí. Òòfà ńlá ni, ó ń yàwòrán inú ara. Kì í dunni, ṣùgbọ́n ogún alágbẹ̀dẹ ló ń jà nínú rẹ̀.

Dókítà obìnrin fi àwòrán náà hàn wá. Ẹ̀jẹ̀ wà láàárín agbárí àti ọpọlọ mi, ó ń tẹ ọpọlọ. Ó ní irin wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tó jò ṣe ń pẹ́, irin náà ń yí padà, àwọ̀ rẹ̀ nínú àwòrán ń yí tẹ̀lé e.

"Ẹ̀jẹ̀ tuntun kì í tàn báyìí, Bàbá. Èyí ti funfun, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣe ti alùpùpù. Ṣé ẹ ti forí gbá nǹkan tẹ́lẹ̀?"

Àbẹ̀ní pariwo: "Kànga!"

Òótọ́ ni. Kànga wa jìn. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí sálúbàtà mi tó bọ́, okùn já lọ́wọ́ mi níbẹ̀, mo fi ẹ̀yìn orí gbá símẹ́ńtì. Ohun tí mo sọ fún ará ilé ni pé ẹja tó tó màlúù ló di garawa mú nísàlẹ̀, tó sì jù ú sílẹ̀ lójijì. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé kò sẹ́ni tó wo orí mi.

Àlàbí ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀."

Mo fi ahọ́n wúwo rọra bi í: "Ẹja náà ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Ó jáde, ó pe Múfútáù lórí fóònù: "Àna wa, ẹ má bínú. Ẹ wá mú ìyàwó yín."

Wọ́n lu ihò kékeré sí agbárí mi. Ohun tó ṣàn jáde dúdú bí ọ́ìlì mọ́tò. Nígbà tí oògùn oorun dá lójú mi, orí náà dùn mí gan-an. Apá jí, ẹsẹ̀ tẹ̀lé e, díẹ̀díẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n tún ya àwòrán. Funfun yẹn ti lọ. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù: irin tí ẹ̀jẹ̀ fi sílẹ̀, bí irin tó dógùn-ún. Dókítà ní kò ní pa mí lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà nílé, bó bá forí gbá nǹkan, ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kódà bó ń pa yín lẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí náà. Ó dákẹ́ nígbà tí gbogbo ilé ń pariwo, ó sì jẹ́rìí fún ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí ẹnu mi ò lè sọ̀rọ̀.