Ẹni Tó Bá Mi Tọ́ Ọtí Ìgbéyàwó Mi Wò

Èmi kì í mutí. Nígbà tí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi jókòó sí yàrá tí mo gbà ní Ìbà láti ṣètò ohun mímu ìgbéyàwó wa, òun ló kọ mínírà, mọ́ọ̀tì àti omi sórí ìwé. Nígbà tó kan ọtí, ó gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí, mo wò ó, a sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa rẹ̀ nínú ẹbí wa: àbúrò bàbá mi, ẹni tó gbà mí tọ́ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe. Ojú rẹ̀ ríran débi pé ó ń rí wáyà tó já, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, láìwo dígí. Iṣẹ́ ojú yẹn ló fi rán mi ní ilé-ìwé títí mo fi di olùkọ́ kẹ́mísírì. Bàbá kékeré ni mo ń pè é.

Ó dé ní ọjọ́ kejì, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ wa.

“Bíà fún àwọn ọ̀rẹ́ yín. Wáìnì fún àwọn obìnrin tí wọ́n máa sọ pé àwọn kì í mutí. Jíìnì fún àwọn àgbà. Akọ̀wé, àgbà lè dárí ẹran jì ọ́, kò ní dárí jíìnì jì ọ́.”

“Páálí mélòó, Bàbá kékeré?”

“Méjì ni wọn yóò mu. Ẹ̀kẹta wà fún àwọn tó máa fi sábẹ́ agbádá lọ sílé.”

Ó ní kí a to bíà sínú yìnyín láti àárọ̀ kùtùkùtù, kí á gbé tábìlì ọtí jìnnà sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, nítorí àwọn tí a kò pè kì í kọjá ibi tí ìgò bá wà. Ibi tí a ti máa ra ọjà nìkan ni ọ̀rọ̀ wa kò ti bára mu. Obìnrin kan tó ní ìsọ̀ onípákó nínú ọjà báráàkì Ọ̀jọ́ ló fẹ́ kí a lọ bá.

“Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ẹni tó ń kó ọjà fún un. Bí ọtí bá burú, mo mọ ilé tí màá ti bá a jà.”

Èmi kọ̀. Mo ti rí ilé ìtajà kan lẹ́bàá títì ní Òkokomáìkò, tó ní ilẹ̀kùn dígí àti ẹ̀rọ amúlétutù, tí ọmọbìnrin kan ń tẹ ríṣíìtì jáde látinú ẹ̀rọ. Mo ní obìnrin onípákó kò ní ríṣíìtì. Àìsàn kan wà lára àwa tí a kàwé: ohunkóhun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sórí bébà, a gbà pé òótọ́ ni.

Bàbá kékeré kò bá mi jiyàn. “Ìwọ lo ń gbéyàwó,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìgbéyàwó, wọ́n kó ọtí náà láti ilé ìtajà yẹn dé ilé Bàbá kékeré. Nínú ẹbí wa, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọtí síwájú àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí ohun burúkú nínú rẹ̀. Èmi ni mo ni àlejò, èmi ló yẹ kí n tọ́ ọ wò. Mo ń wo ìgò, ìgò ń wò mí.

“Gbé ife wá, jàre,” ni Bàbá kékeré wí. “Èmi ni màá jẹ́ ẹnu fún ọ lónìí.”

Ó já ìdérí, ó bu jíìnì náà, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó gbàdúrà fún mi, ó sì dà á mì.

“Ó dáa bí?”

“Ó le díẹ̀. Ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ náà le, o máa tó mọ̀.”

Mo gbé ife náà sí imú. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé oríṣi ọtí méjì ló wà, tí àwọn méjèèjì mọ́ bí omi, tí òórùn wọn jọra, tí ọ̀kan ń dá ènìyàn lára yá, tí èkejì, èyí tí wọ́n fi ń yọ́ ọ̀dà, ń pa iṣan ojú. Èmi náà gbóòórùn rẹ̀, n kò sì mọ nǹkan kan. Bàbá kékeré fà á mu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní gbogbo ọ̀sán yẹn, ó ń sọ ìtàn bàbá mi fún mi. Nígbà tí mo fi ń dìde, ìgò náà ti lọ sí ìdajì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, orí ń fọ́ ọ, ó ń bì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Wọ́n ní kó tọ́ ọ wò, ó ní òun fẹ́ parí ẹ̀!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n so wá pọ̀ tán, tí a ń jáde bọ̀, ó na ọwọ́, ó wá apá mi títí ó fi rí i mú.

“Ọmọ mi, ní kí wọ́n tanná. Inú ilé yìí ti ṣókùnkùn jù.”

Oòrùn ń wọlé láti gbogbo fèrèsé.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní jíìnì yẹn ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí á gbé Bàbá kékeré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

“Ṣé o fẹ́ kí àwọn àna rẹ gbọ́ pé májèlé la fẹ́ fún wọn mu ni?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún mi. “Sọ pé jíìnì tán. Wọn yóò gbé e lọ. Ìwọ, lọ bá ìyàwó rẹ jó.”

Mo lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ibà. Kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó mu. Èmi nìkan ni mo lè sọ ọ́, èmi sì wà nídìí tábìlì ọtí, mo ń bẹ àwọn àgbà pé jíìnì ti tán.

“Ìgbéyàwó tíṣà rèé!” ni ọ̀kan nínú wọn kígbe. “Ẹ kúkú pín ṣọ́ọ̀kì fún wa!”

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò tíì dárí ẹ̀rín yẹn ji ara mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ní ká ní àárọ̀ ni, bóyá. Pé iṣan ojú ti kú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá kékeré, ìbéèrè kan ló bi mí.

“Ṣé ẹlòmíràn mu nínú rẹ̀?”

“Rárá, sà.”

“Ó dáa. Ìdí tí a fi ń tọ́ ọtí wò nìyẹn.”

Nígbà tí mo padà wá mú àwọn ìgò náà láti fi ṣe ẹ̀rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà kí ọ̀rọ̀ lè tán, wọ́n sì ti ta ìgò òfìfo fún ọkùnrin tó ń fi ọmọlanke ra ìgò kiri. Àwọn ìgò wọ̀nyẹn ti padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ májèlé sínú wọn. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí n mú ọtí náà wá. Mo mú ríṣíìtì jáde. “Ohun mímu” nìkan ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, kò sí orúkọ ọtí kankan. Ẹbí ní ayé ló ṣe é. Ayé kọ́. Ẹnì kan rọ ọ́, ẹnì kan lẹ ìwé mọ́ ọn, ẹnì kan tà á, ẹni tó yẹ kó ṣàyẹ̀wò jókòó, èmi sì jó.

Láìpẹ́ yìí, Bàbá kékeré ní kí n mú òun lọ sí ilé ìtajà náà. Ẹni tó ni ín pe ara rẹ̀ ní aláìmọ̀kan, ó ní Ọlọ́run yóò wò ó sàn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ra páálí jíìnì fún ìsọmọlórúkọ. Bàbá kékeré yí sí ibi tó ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún àlejò. Òun ló fọ́ mi lójú.”

Irú ìfọ́jú yìí kì í ba ẹyin ojú jẹ́. Tirẹ̀ mọ́ gaara bí ojú ọmọ titun. Ọkùnrin náà wò ó dáadáa, ó sì fi í rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí kòrókòró báyìí?”

Ó gbé páálí rẹ̀ sí èjìká, ó jáde.  Òpó tó wà lẹ́yìn ibi tí ọkùnrin náà ti dúró ni Bàbá kékeré ṣì kọjú sí.