Ìyàwó Tí Àṣàbí Dirun Fún

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọge kan lẹ́bàá Ọjà-Ọba, ní Ìlọrin, tí kò gbé orí lé itan Àṣàbí rí. Onídìrí ni, ṣùgbọ́n òróró tó ń sè lẹ́yìnkùlé gan-an ló jẹ́ kí wọ́n máa wá a láti ọ̀nà jíjìn. Ewé dongoyaro tútù ni yóò gún, yóò dà á sínú àdín tó wà lórí iná, títí ewé náà yóò fi gbẹ. Bó bá tutù tán, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì po òrí mọ́ ọn. Òórùn rẹ̀ le, àmọ́ irun tó bá kàn kì í já.

Ọdún kẹta tí ogun abẹ́lé parí ni ibà dá Fàsílátù, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé ọkọ Àṣàbí fi sílẹ̀ fún un, wólẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́rin kí wọ́n so yìgì òun àti Mọ̀múdù, ọmọ Àlájì aláṣọ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù kó tó yè é. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ jókòó láti ya irun rẹ̀ nílé, òòyà kò tíì dé àárín orí tí irun fi ń bá a jáde ní ìdì-ìdì. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí orí ọmọ náà fi pá kanlẹ̀.

Obìnrin kan tó wá kí aláìsàn rí i, ọ̀rọ̀ sì di àsọkiri. Àwọn kan ní èpè ni. Àwọn kan ní ẹ̀tẹ̀ ló ń bọ̀.

Bí Àṣàbí bá ti kírun àsùbáà tán, á fi omi ewé dongoyaro tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ orí ọmọ rẹ̀, á wá máa fi ìka ra òróró sí i.

“Irun rẹ ń bọ̀,” ló máa ń wí.

“Mọ̀múdù náà ńkọ́, Ìyá?”

Àṣàbí á tún fi ìka bu òróró.

Nígbà tí irun kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í hù, Yàhàyá, àbúrò Àlájì, wọlé wá. Kò jókòó. Ó ní kádàrá ni, kí wọ́n má bínú, àwọn ti rí ìyàwó mìíràn fún ọmọ àwọn. Fàsílátù gbọ́ ọ láti inú yàrá. Kò sunkún. Ìyẹn ló ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù jù.

Lọ́jọ́ Alámìísì kan, obìnrin méjì mú ọmọge kan wá dirun ìyàwó. Ràúdátù lorúkọ rẹ̀. Irun iwájú orí rẹ̀ ti ń já, òróró ló sì gbé wọn wá.

“Ta lọkọ ìyàwó wa?” Àṣàbí bi wọ́n.

“Mọ̀múdù, ọmọ Àlájì aláṣọ,” ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn. Wọn ò mọ̀ rárá pé àfẹ́sọ́nà Fàsílátù ni tẹ́lẹ̀.

Òróró tó kù nílé kò ju ìwọ̀nba ti Fàsílátù lọ. Àṣàbí fẹ́ ní kí wọ́n máa lọ, àmọ́ Fàsílátù jáde pẹ̀lú gèlè lórí, ó gbé àwo òróró náà ka iwájú ìyá rẹ̀.

“Ẹ dì í kó dáa, Ìyá,” ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́. “Òun kọ́ ló ṣe mí.”

Ṣùkú ni Àṣàbí dì fún Ràúdátù. Ó fi òróró pa gbogbo ojú ìlà, kò yára, títí wọ́n fi pe ìrun àlàásárì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ, Ràúdátù kúnlẹ̀ fún Fàsílátù.

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí tiyín náà ṣojú wa.”

“Àmín,” ni Fàsílátù wí, ó sì wọlé.

Irun Fàsílátù hù padà, ó kún dé ọrùn. Ọdún kejì, àgbẹ̀ kan láti abúlé kan lọ́nà Ọ̀fà, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, wá fẹ́ ẹ, Fàsílátù sì bá a lọ láìsọ pé òun fẹ́ tàbí òun kọ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá mú ìyàwó wá bá Àṣàbí, á ní ojú ń dun òun, á sì júwe ilé onídìrí mìíràn fún wọn.