Kòkó Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Òórùn káńfọ̀ inú gèlè ìyá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nínú ilé wa ní Ìjurìn, èmi ni mo máa ń bá a wé gèlè náà, tí màá fà á bo etí rẹ̀ dáadáa kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun kékeré tí mo fi sí i létí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi. Láti ìgbà omidan rẹ̀ ló ti ń ka ẹ̀kọ́ kìíní nínú ìjọ Áńgílíkà wa, lẹ́yìn tí bàbá mi sì kú, ìwé kíkà yẹn nìkan ló kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn. Ni ojú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní kò ní í là mọ́. Ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnì kan, pé òun ò fẹ́ àánú ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi náà wá gbà pé mo gbọ́n. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìjerò nígbà náà, mo sì mọ èdè kan tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà dunjú. Mo fi í kọ ètò kan sórí fóònù ìyá mi. Màá ti ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí ìyá mi bá dé iwájú ìjọ, tó ṣí Bíbélì, ohùn mi á gba inú ohun kékeré yẹn sọ ẹsẹ kan sí i létí, á sì dúró. Ìyá mi á sọ ọ́ jáde fún ìjọ, á tẹ bọ́tìnì fóònù nínú àpò rẹ̀, ohùn mi á bọ́ sórí ẹsẹ tó kàn. Dídúró yẹn gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà. Kò sì sí lára ojúlówó èdè ọ̀hún. Àfikún ni, àwọn tó ni èdè náà sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò, pé àwọn lè yọ ọ́ kúrò nígbàkígbà.

Mo rí i. Ta ni kò rí i? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni wọ́n ti ń dán an wò! Olùkọ́ wa fi kọ́ wa, gbogbo ayé ló ń lò ó. Irú ìdánwò wo ni kì í tán? Ó dà bí àfẹ́sọ́nà tó ń jẹ iyán ilé yín lọ́dọọdún, tí kò mú ẹbí rẹ̀ wá rí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi, ó ní, "Ta ló wá fún ọ nílẹ̀ tí o fi ń gbin kòkó?" Ó rán mi létí ohun tí gbogbo ọmọ Ìjurìn mọ̀: ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ dáko lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó, nítorí ọjọ́ tó bá wu onílẹ̀ ló lè gba ilẹ̀ rẹ̀, igi kòkó ò sì ṣe é hú rù lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, kọ̀ǹpútà kì í mà í ṣe oko." Ọlọ́gbọ́n ọmọ! Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi wò ó, mo sì rìn lọ bá a.

Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú ìkórè, fóònù náà ń dà mí láàmú pé ẹ̀dà tuntun èdè náà ti dé. Mo gbà á wọlé. Mo dán ètò mi wò, mo gbọ́ ohùn mi lórí ẹsẹ kìíní, mo ní ó ti dáa, mo lọ gún iyán. N kò mọ̀ pé wọ́n ti yọ àfikún ọ̀hún. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lásán, kí ètò àtijọ́ má baà kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dúró de ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Àbújá ti wálé. Ìyá mi ka ẹsẹ kìíní, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Láti ibi tí mo jókòó, mo rí ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò, tó ń tẹ̀, tó tún ń tẹ̀. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀: ohùn mi ti ń sáré lọ létí rẹ̀, kò sì dúró. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn mi. Ìyá mi gbójú sókè sí ìjọ tí kò rí, ó pa Bíbélì dé.

"Níhìn-ín," ó ní, "ni ẹ̀kọ́ kìíní parí."

Ẹsẹ kan péré! Nígbà tó yíjú padà láti lọ jókòó, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá ohun tí yóò dì mú, gbogbo ìjọ sì rí i. Mo sáré lọ mú un. "Jẹ́ á lọ sí ulé," ó fi èdè ìlú wa sọ fún mi jẹ́jẹ́.

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Wọ́n ní ìdánwò ni, lóòótọ́. Àmọ́ ìyá tèmi ni wọ́n fi dán an wò. Mo tún ètò náà kọ látòkèdélẹ̀, láìfi àfikún kankan sí i, mo gbé e fún un. Ó fọwọ́ pa fóònù náà lára, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró níwájú wọn mọ́."

Láìpẹ́ yìí, mo kà á pé wọ́n ti dá àfikún náà padà. Ó ti kúrò lábẹ́ ìdánwò, ó ti di ojúlówó, wọ́n sì ń yọ̀ lé e lórí. Ó kù díẹ̀ kí n la fóònù mọ́ ògiri. Mo sọ fún ìyá mi.

"Wọ́n ti wá fún yín nílẹ̀ náà wàyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ó káre," ó ní, ó sì ní kí n bá òun wá gèlè òun.

A ṣì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń ka ẹ̀kọ́ kìíní báyìí, ọmọ tó mọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ó máa ń sáré kà á jù. Bó bá ti parí ẹsẹ kan tó kù gììrì sórí òmíràn, mo máa ń gbọ́ ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu: "Dúró ná, ọmọ yìí. Dúró ná."