Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Jó Tọ́bò

Ọkọ̀ akẹ́rù tí mò ń wà, ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, Àlàájà tó ń ta àgbàdo àti gbágùúdá ní Ìwó. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré kan tí èéfín gbígbóná ń yí, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára. Lọ́jọ́ tí a ra ọkọ̀ náà, ọ̀gá mẹkáníìkì wa kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá ti sáré dé ibikíbi, mi ò gbọdọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó mí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí ọ́ìlì tó ń ṣàn ló ń tu tọ́bò lára. Tí ẹ́ńjìnì bá kú lójijì, ọ́ìlì á dúró síbẹ̀, á sì jóná mọ́ ọn bí ẹ̀kọ tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò.

Mo gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ní Kuta, bàbá àgbẹ̀ tí a ń ra gbágùúdá lọ́wọ́ wọn máa ń jókòó síwájú ilé. Báwo ni kí n ṣe dọ̀bálẹ̀ fún àgbàlagbà, kí ọkọ̀ máa bú mọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Láti Olúpọ̀nnà ni mo ti máa ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀, tòun ti ẹrù àgbàdo lẹ́yìn. Bí mo bá ti rí fìlà bàbá báyìí, mo ti yí kọ́kọ́rọ́, mo ti bọ́ sílẹ̀, àyà mi ti kan ilẹ̀. Bàbá á ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ká sòótọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Èéfín rẹ̀ dà bí aró, kò sì lè gun òkè mọ́. Ọ̀gá bá wa pààrọ̀ tọ́bò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyẹn náà tún kú. Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o máa ń jẹ́ kó mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Irọ́ ni mo pa. Àlàájà gbà pé ayédèrú tọ́bò ni ọ̀gá fi sí i. Níbi iṣẹ́ wọn, lójú àwọn oníbàárà, ni Àlàájà ti pe ọ̀gá ní oníjìbìtì, a sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn kó fi tọ́bò tuntun sí i. Èmi gan-an ni mo wà á lọ.

Ọ̀rọ̀ Àlàájà dé ọjà, àwọn awakọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbòmíràn. Mò ń rí i bí ibi iṣẹ́ ọ̀gá ṣe ń dá. Síbẹ̀, tí mo bá kí wọn kọjá, wọ́n á dá mi lóhùn dáadáa. Ìdáhùn yẹn ló ń dà mí láàmú jù.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, mo lọ bá Àlàájà nílé, mo jẹ́wọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní kí n gbé ọkọ̀ síta. Ibi tí wọ́n ti bú ọ̀gá gan-an ni Àlàájà ti bẹ̀ wọ́n, tí àwọn oníbàárà ń gbọ́, wọ́n ní ọmọ àwọn ló fi ìdọ̀bálẹ̀ Kuta ba tọ́bò jẹ́. Ọ̀gá wò mí títí.

"Ọmọlúàbí Kuta! O ń kí bàbá lọ́wọ́ kan, o ń dáná sun ọkọ̀ ìyá ẹ lọ́wọ́ kejì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí. Ọ̀gá wá kọ́ mi pé tí ó bá ti kù díẹ̀ kí n dé ibi tí mò ń lọ, kí n dín eré kù, ara tọ́bò á ti rọlẹ̀ díẹ̀ kí n tó dúró.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún bàbá Kuta pé ọkọ̀ á máa dún díẹ̀ bí mo bá ń kí wọn, ó yà wọ́n lẹ́nu.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń dí mi létí? Etí ọ̀tún mi ò kúkú gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Ọkọ̀ ń lọ dáadáa báyìí, ooru rẹ̀ kì í sì í kọjá àárín géèjì. Àwọn oníbàárà ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọn ò tíì pé bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí mo bá gbé ọkọ̀ débẹ̀, ọ̀gá kì í bi mí léèrè mọ́ pé ṣé mò ń jẹ́ kó mí. Wọ́n á tú páìpù ọ́ìlì, wọ́n á fi ìka nù ún wò fúnra wọn bóyá ọ́ìlì ti jóná mọ́ ọn. Mo máa ń dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi parí.